Àmù Ìyá Àgbà àti Ọgbà Inú Ìgò

Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni, nínú oṣù Kejì ọdún, ní Bódìjà, ìlú Ìbàdàn. Oòrùn mú ganrínganrín. Olùkọ́bìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé. Kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tó fi gba ìdí fèrèsé lọ. Àpótí dígí kan wà níbẹ̀, tí kò ju páálí bisikíìtì lọ. Láti oṣù Kọkànlá ló ti ń tọ́jú ewéko sínú rẹ̀: fẹ́ẹ̀nì kéékèèké mẹ́ta, ewé rinrin tó hù lẹ́yìn balùwẹ̀, àti mọ́ọ̀sì, ewéko tín-tìn-tín tó máa ń tẹ́ bí ẹní sára ògiri lásìkò òjò.

Láàárọ̀ tó ń jáde lọ, gbogbo wọn yọ̀ sí i. Nígbà tó dé, wọ́n ti rí bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ lómi gbígbóná. Fẹ́ẹ̀nì ti dọ̀bálẹ̀, rinrin ti di omi, òógùn sì ń ṣàn wálẹ̀ lára dígí. Ó fi ọwọ́ kan ìdérí àpótí náà, ó sì yára fà á padà.

"Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe," ó sọ fún mi. "Wọ́n ní ó fẹ́ ọ̀rinrin, mo bomi rin ín. Wọ́n ní kí n dé e pa kí ọ̀rinrin má bàa sá lọ, mo dé e pa. Wọ́n ní ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé. Àṣé mò ń sè é ni."

Òun nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà sọ fún mi pé ẹ̀dùn ọkàn ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún òun pẹ̀lú. "Ẹ ó tà á fún wọn lónìí, inú wọn á dùn. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á gbé ìgò dé: 'Ẹ wá wo nǹkan tí ẹ tà fún mi.' Èmi náà ò sì mọ ohun tí mo lè sọ."

Mo ti bi àwọn tó ń gbin ewéko sínú dígí, mo bi olùkọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, mo sì bi ìyá àgbà kan tó ń mọ ìkòkò. Ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ gbogbo wọn já sí. Ìtutù ni kí á kọ́kọ́ wá. Bí ìtutù bá dé, ọ̀rinrin á tẹ̀ lé e wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá gbájú mọ́ ọ̀rinrin nìkan, tí a wá dé ìgò pinpin nítorí rẹ̀, ooru la ó bá nínú ìgò.

Yàrá tí kò ní ojú ọ̀nà

Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba ara dígí wọlé. Ìgbà tó bá kan ilẹ̀ àti ewé ló tó di ooru. Ní gbangba, afẹ́fẹ́ tó bá ti gbóná á fò lọ sókè, èyí tó tutù á sì gba ipò rẹ̀. Nínú àpótí tí a dé pa, kò sí ibi tí yóò gbà lọ. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ tí wọ́n wé wíńdò rẹ̀ pa, tí wọ́n gbé sínú oòrùn láàárín ọjà, mọ ohun tí mò ń wí.

Olùkọ́ nípa ewéko náà fi nǹkan mìíràn kún un. Ó ní ewé náà máa ń làágùn. Àwọn ihò tín-tìn-tín wà lára ewé, pàápàá ní abẹ́ rẹ̀, tí omi ń gbà jáde. Bí omi yẹn bá ṣe ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ ló ń gba ooru lára ewé, bí òógùn ṣe ń gba ooru lára èèyàn.

"Ẹ rántí ọjọ́ tí òjò ṣú tí kò rọ̀," ó ní. "Òógùn á máa bọ́ lára yín, kò ní gbẹ, ara yín ò sì ní tutù. Afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, kò lè gba tiyín mọ́. Bó ṣe ń rí fún ewé nínú ìgò tí a dé pa nìyẹn, tí oòrùn bá tún wá kàn án. Kò níbi tí yóò da òógùn sí."

Èyí ló fà á tí ewé tó fara da ọ̀sán ní gbangba fi ń kú nínú dígí láàárín wákàtí mélòó kan. Ibi tó bá gbóná, tó tún rin gbindingbindin, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò rìn, ilé ayọ̀ ló jẹ́ fún èbu funfun tó máa ń bo búrẹ́dì. Bí ooru ò bá tètè pa ewé, èbu á parí iṣẹ́ náà.

Òwe wa ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí kò rìn, nínú ooru tí kò jáde, máa ń ba gbòǹgbò jẹ́.

Dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Níbo wá ni ìmọ̀ràn pé kí a dé ìgò pa ti wá? Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, torí ìmọ̀ràn náà dára níbi tí wọ́n ti bí i.

Ní ọdún 1829, oníṣègùn kan ń gbé ní Wellclose Square, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Nathaniel Bagshaw Ward ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn fẹ́ẹ̀nì púpọ̀, ṣùgbọ́n èéfín èédú tó bo ìlú náà ń pa gbogbo èyí tó bá gbìn. Lọ́jọ́ kan ó bo ọmọ àfòpiná kan tí kò tíì hu ìyẹ́ mọ́ inú ilẹ̀ tó rin nínú ìgò, ó dé e, ó ń retí ọjọ́ tí yóò di àfòpiná. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó rí i pé fẹ́ẹ̀nì kan àti koríko kan ti yọrí láti inú ilẹ̀ náà.

Ward ṣàkíyèsí pé lójú ọ̀sán, omi máa ń gòkè láti inú ilẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, á sì tún ṣàn padà sílẹ̀. Ìgò náà ń bomi rin ara rẹ̀. Ewéko méjèèjì wà láàyè fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin láìjẹ́ pé ó bu omi sí i.

Ó kan àpótí onídígí. Ní ọdún 1833, ó fi méjì nínú wọn ránṣẹ́ sí Sydney ní Australia nínú ọkọ̀ ojú omi, ewéko inú wọn sì dé ibẹ̀ láàyè. Ṣáájú ìgbà náà, iyọ̀ òkun àti àìrí omi mu ló ń pa ọ̀pọ̀ ewéko tí wọ́n bá kó sọ́kọ̀. Ní ọdún 1842, Ward kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà.

Àpótí yìí yí ayé padà, ó sì ní apá tó korò. Òun ni Robert Fortune fi kó igi tíì kúrò ní Ṣáínà lọ sí Íńdíà. Òun ni wọ́n fi kó ọ̀gbìn rọ́bà láti ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Ceylon ní ọdún 1876, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó hóró rẹ̀ kúrò ní Brazil. Igi rọ́bà tí àwọn ará Oǹdó, Ẹdó àti Delta ń kọ lónìí, ará igbó Amazon ni. Iṣẹ́ àwọn amúnisìn ni dígí kékeré yẹn ṣe.

Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni Ward wà. Ọ̀tá rẹ̀ ni èéfín, òtútù àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ilé tí wọ́n ń dáná sí. Ooru kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ọkùnrin kan gbin ewéko sínú ìgò ńlá ní ọdún 1960, ó bu omi sí i kẹ́yìn ní ọdún 1972, ó dé e pa, ewéko náà sì ń gbilẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún. Àwòrán ìgò yẹn ti rin gbogbo ayé, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ojú fèrèsé tí oòrùn rẹ̀ ń mú ará Lọ́ńdọ̀nù lára yá gágá, iná àdògán ni fún fẹ́ẹ̀nì ní Ìbàdàn.

Àpò tó ń fẹ̀, àpò tó ń sún kì

Kí ló fà á tí mo fi ní ìtutù ló ń mú ọ̀rinrin wá? Ẹ jẹ́ ká fi afẹ́fẹ́ wé àpò tí a ń kó omi sí. Bó bá gbóná, àpò á fẹ̀. Bó bá tutù, á sún kì.

Ẹ fojú inú wo àyè kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá wà ní 30°C, ó lè gba nǹkan bí gíráàmù 30 omi kó tó kún. Ní 20°C, nǹkan bí gíráàmù 17 péré ni yóò gbà.

Ká wá sọ pé afẹ́fẹ́ tó wà ní 30°C kún dé ìdajì. Ẹ mú un tutù dé 20°C, láì fi ẹ̀kán omi kan kún un. Á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní òru nìyẹn tí ìrì fi ń sẹ̀. Ọ̀run kì í bu omi sórí koríko. Ilẹ̀ ló tutù, àpò afẹ́fẹ́ sún kì, omi tí kò lè gbé mọ́ sì bọ́ sórí ewé.

Ẹni tó bá mú ìgò rẹ̀ tutù, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ọ̀rinrin láìfọwọ́ kan omi. Ẹni tó bá jẹ́ kó gbóná, àpò á máa fẹ̀ sí i, omi tó bá sì fọ́n sí i láàárọ̀ kò ní tó mọ́ tó bá di ọ̀sán.

Ẹ lọ wo omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mọ́ọ̀sì àti fẹ́ẹ̀nì wà lára àpáta níbẹ̀ tí ojú kì í sú láti wò. Kò sẹ́ni tó dé wọn mọ́ inú nǹkan kan. Igi ṣíji bò wọ́n, àpáta tutù lẹ́yìn wọn, omi ń ta sí wọn lára bí eruku, afẹ́fẹ́ sì ń rìn láàárín wọn tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń ṣe ọgbà inú dígí, ibẹ̀ ni kó ti lọ kọ́ ọ.

Ohun tí àmù mọ̀

Kí fìríìjì tó dé, àmù wà. Ó máa ń wà ní igun yàrá níbi tí oòrùn kì í dé, wọ́n á bo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú àwo, igbá á sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti oko dé, omi inú rẹ̀ ló ń béèrè. Omi náà máa ń tutù ju inú yàrá tó wà lọ.

Mo lọ bá ìyá àgbà kan ní Ìpetumodù, ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìkòkò. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bi í léèrè pé, "Màmá, kí ló ń mú omi inú àmù tutù?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, àmù ń mí. Ṣé o ò rí i pé ara rẹ̀ máa ń rin ni? Èyí tí kò bá làágùn, kò lè mú omi tutù. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀dà kùn ún kó lè dán, ó ti sé e léèémí."

Ohun tí ìyá yìí fi ọwọ́ mọ̀, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ìwọ̀n gbè é lẹ́yìn. Kí gíráàmù omi kan tó lè gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ó ní láti gba nǹkan bí 2,400 jáùlù ooru láti ibi tó wà. Ooru yẹn ju ìlọ́po márùn-ún èyí tí yóò mú omi kan náà kúrò ní tútù bíi yìnyín títí tí yóò fi hó lọ. Ẹ̀kán òógùn kékeré lára àmù ń gbé ẹrù ooru ńlá lọ.

Ní ọ̀nà àríwá, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Mohammed Bah Abba sọ ọgbọ́n yìí di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó kó yanrìn tó rin sáàárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Ìgbá tí kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́ lo ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú rẹ̀. Ní ọdún 2000, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí iṣẹ́ yìí.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ọgbà inú ìgò? Ohun gbogbo. Ìṣòro wa ni pé ohun tó ń pa ọ̀rinrin mọ́ ló ń pa ooru mọ́, ohun tó sì ń lé ooru jáde ló ń lé ọ̀rinrin. Ọgbọ́n ìkòkò tú ìdè yẹn. Ẹ̀yìn ìgò ni a ti ń jẹ́ kí omi gbẹ, kì í ṣe inú rẹ̀. Bí a bá gbé ìgò sáàárín yanrìn tó rin nínú ìkòkò, ìgò á pa ọ̀rinrin tirẹ̀ mọ́, yanrìn tútù tó yí i ká á sì máa gba ooru rẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ lọ́tọ̀, òjò lọ́tọ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ọgbọ́n àmù kì í ṣiṣẹ́ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, torí omi kì í gbẹ sínú afẹ́fẹ́ tó ti kún.

Lásìkò ọyẹ́, ká sọ pé ọ̀sán wà ní 33°C, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ débi pé ìdá 20 péré nínú 100 ló kún nínú àpò rẹ̀. Ohun tó bá rin, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, lè tutù dé nǹkan bí 18°C. Ìyàtọ̀ náà kọjá kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òjò tó wà ní 30°C, tí àpò afẹ́fẹ́ ti kún dé ìdá 85 nínú 100, ohun kan náà kò lè tutù ju nǹkan bí 28°C lọ.

Ọyẹ́ tó ń gba ọ̀rinrin lọ́wọ́ ewéko wa ló ń fún àmù lágbára. Òjò tó ń kó ọ̀rinrin wá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń dí àmù lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ìgbà tó wà nínú rẹ̀ kò ní jìyà méjèèjì pọ̀.

Nínú ọyẹ́, ẹ dé ìgò, ẹ jẹ́ kí yanrìn ìta rẹ̀ rin, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Nígbà òjò, ẹ ṣí ìgò sílẹ̀ díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ìta náà ti tó fún fẹ́ẹ̀nì.

Oṣù tó le jù ni ìparí oṣù Kejì títí dé oṣù Kẹta, tí ọyẹ́ ti lọ, tí òjò kò sì tíì fìdí múlẹ̀. Ooru wà, afẹ́fẹ́ sì ti ń rin padà. Òun ni oṣù tí olùkọ́bìnrin Bódìjà pàdánù ewéko rẹ̀. Àsìkò yẹn, àmù nìkan kò tó.

Ìmọ̀ràn àwọn tó ti ṣe é

Ibi tí ẹ gbé e sí ló ṣáájú. Láti bí oṣù Kẹsàn-án títí wọ oṣù Kẹrin, apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá lókè ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, fèrèsé tó kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn tààrà ní gbogbo àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tó fún fẹ́ẹ̀nì. Ẹ má gbé e sórí fìríìjì, ẹ má gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù, torí òkè ni ooru ń lọ. Ilẹ̀ onítáìsì ní igun yàrá tutù ju orí tábìlì lọ.

Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, iná LED ni kí ẹ lò, kí ó sì wà ní ẹ̀yìn dígí, kó má wọ inú rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń pọ́n kò sọ ju bí ìdá 5 nínú 100 iná tó ń jẹ di ìmọ́lẹ̀. Ooru ni ìyókù.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin, kí ẹ fi sínú ìgò níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti kàn án gan-an. Ọ̀dọ́ kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó sọ pé ọjọ́ tí òun ra tòun ni òun tó mọ̀ pé inú ìgò máa ń gbóná ju inú yàrá lọ. "Ṣáájú ìgbà yẹn, àfojúbù ni mò ń ṣe," ó ní.

Ní ìsàlẹ̀ ìgò, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ kí omi tó bá pọ̀ jù lè rí ibi dúró sí, ẹ da èédú tí ẹ gún díẹ̀ lé e, kí ilẹ̀ tó fúyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Omi òjò dára ju omi kànga lọ, torí kì í fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀ lára dígí. Ẹ fọ́n ọn, ẹ má dà á. Bí òwúrọ̀ bá mọ́ tí dígí làágùn díẹ̀, tí ó sì mọ́ kedere nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, omi rẹ̀ tó. Bó bá ń ṣàn tọ̀sán tòru, ẹ ṣí i kí ó mí.

Fún ìtutù, ẹ gbé ìgò náà sínú ìkòkò amọ̀ gbalasa tí wọn kò fi ọ̀dà kùn, kí ẹ kó yanrìn yí i ká, kí ẹ sì rin yanrìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró lójú rẹ̀ o. Yanrìn tó rin kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n omi tó dúró jẹ́ẹ́ ni ẹ̀fọn ń yé sí, kò sì sí ọgbà tó lẹ́wà débi pé ká tìtorí rẹ̀ kó ibà.

Ẹni tó bá ní fáànù kékeré, kó kọjú rẹ̀ sí ìkòkò tó rin, kó má kọjú rẹ̀ sí ẹnu ìgò. Bó bá fẹ́ sí ewé tààrà, á gbẹ ẹ́. Bó bá fẹ́ sí ìkòkò, á mú un tutù.

Fún oṣù Kẹta tó le yẹn, àwọn kan máa ń lo páálí fóòmù funfun tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń kó ẹja inú yìnyín. Wọ́n á gbé ìgò sínú rẹ̀, wọ́n á sì gbé ike omi tó ti di yìnyín lé ibi tó ga jù ú lọ, torí ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ń sọ̀ sí. Ẹ má jẹ́ kí yìnyín fara kan ewé. Bí kò bá sí iná tí yìnyín yóò fi dì, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó rin bo ẹ̀gbẹ́ ìgò, kí ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ sì ṣí ìdérí rẹ̀ ní alẹ́ kí ooru ọ̀sán lè jáde.

Ewé wo ló yẹ?

Àwọn ewéko kan wà tí kò sí ìkòkò tó lè gbà wọ́n là ní ilẹ̀ wa. Orí òkè gíga tí ìkúùkù máa ń bò ni wọ́n ti wá, bí òkè Kinabalu ní Borneo tàbí òkè Andes ní Ecuador. Òru wọn gbọ́dọ̀ tutù gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo oúnjẹ tí ewé wọn sè lọ́sàn-án ni wọ́n á jẹ tán lóru. Àwọn tó ń sìn wọ́n ní Yúróòpù máa ń lo ẹ̀rọ amómitutù. Níbi tí iná ti ń lọ láìdágbére, ìyà ni irú ewé bẹ́ẹ̀ máa jẹ lọ́wọ́ wa.

Ẹ mú èyí tó mọ ilẹ̀ wa. Fẹ́ẹ̀nì kéékèèké yóò ṣe dáadáa, mọ́ọ̀sì ara ògiri náà yóò ṣe é. Ewé rinrin ni mo fẹ́ràn jù. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó jẹ́: ohun tó rin. Àwọn baba wa kà á mọ́ òdúndún àti tẹ̀tẹ̀, ewé ẹ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tu nǹkan lójú. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ara tutù, kí ilé rójú, òun ni wọ́n ń wá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ṣí mọ́ọ̀sì àti fẹ́ẹ̀nì kúrò lára àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tàbí nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ohun tí ọwọ́ ṣí ní ìṣẹ́jú kan, ó gba ọdún kó tó padà. Ẹ̀yìn balùwẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kànga àti ọwọ́ àwọn ọlọ́gbà tó ń gbin tiwọn ti tó wa.

Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan

Ẹnì kan lè bi mí pé, nínú gbogbo wàhálà ìlú yìí, kí ni ti ìgò àti mọ́ọ̀sì? Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ní Ìbàdàn kan náà, ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ewéko ń gbé inú ìgò kéékèèké lọ́nà mìíràn. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Wọ́n ń pa wọ́n mọ́ síbẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n mú tutù, kí irú wọn má bàa parun, kí ẹ̀yà tí àrùn pa lóko lè padà wá láti inú ìgò.

Ewé tó wà nínú dígí kò lè sá fún oòrùn, kò lè ta gbòǹgbò lọ wá omi. Ohun tí a bá fún un ló ní. Ọmọ tó bá kọ́ láti tọ́jú fẹ́ẹ̀nì kan nínú ìgò ti kọ́ bí afẹ́fẹ́, omi àti ooru ṣe ń bá ara wọn gbé. Yóò sì mọ ìdí tí kò fi yẹ ká gé gbogbo igi àdúgbò tán, ká wá máa ra ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná

Mo padà lọ kí olùkọ́bìnrin Bódìjà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kò tíì da ilẹ̀ inú àpótí rẹ̀ nù. Ó ti gbé e kúrò lójú fèrèsé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí àríwá, ó kó yanrìn yí i ká nínú agbada amọ̀. Ìka kékeré kan ti yọ láti ìdí ọ̀kan nínú fẹ́ẹ̀nì mẹ́ta náà, ó ká orí kò bí ọmọ tuntun tó di ẹ̀ṣẹ́.

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Àmù ìyá rẹ̀ àgbà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti pa tì láti ọjọ́ tí fìríìjì ti wọlé. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti pọn omi sí i, omi náà ló fi ń rin yanrìn rẹ̀ láràárọ̀. Ó ní òun náà ti ń mu nínú rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìdí àmù náà, níbi tí òógùn rẹ̀ ń kán sí. Ewé rinrin ti hù yí i ká, ó tutù minijọ, ó ń dán lójú. Kò sí dígí lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbìn ín.